Ọjọ́ Kan ní Freetown: Bí A Ṣe Wá Òjó Lọ sí Sàró

Ó pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ wa kẹ́yìn ní ojú ewé yìí, ìdí rẹ̀ sì ni pé ìrìn àjò gbé wa kúrò nílé. Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń béèrè ohun tí ojú wa rí ní Sàró. Bí a bá ní kí a ròyìn gbogbo rẹ̀, ìwé ìròyìn yìí kò ní gbà á. Nítorí náà ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ó sọ fún yín, èyí tí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ọjọ́ ìyókù lọ.

Àwa nìkan ni a dá lọ. Kì í ṣe pé a kò rí ẹni tí ì bá bá wa rìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìyá wa rán wa ni ó gbé wa débẹ̀. Ìyá wa ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé, ní ayé ogun, àwọn ọmọ ogun kó ìletò àwọn ìyá-ńlá rẹ̀, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Òjó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sá wọ inú igbó, ó sì yè. Láti ara obìnrin náà ni a ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní a fà Òjó lọ sí etí òkun, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí ọdún tuntun kan tí a ó gbàdúrà nínú ilé wa tí ìyá wa kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé a ń lọ sí Sàró, ó pè wá sí yàrá, ó ní, "Bí o bá débẹ̀, bá mi wo inú ìwé wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni Òjó sọ̀ sí, mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú."

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa dé Lungi. Ẹni tí ó dé Lungi kò tíì dé Freetown, nítorí ẹnu odò ńlá kan ni ó pààlà láàárín wọn, ọkọ̀ ojú omi ni a sì fi kọjá. Láti ojú omi ni a ti rí iná ìlú náà tí ó tàn láti èbúté títí dé orí òkè. Àwọn òkè wọ̀nyí ni ó mú kí àwọn atukọ̀ Pọ́túgí ayé àtijọ́ pe ilẹ̀ náà ní Òkè Kìnnìún, èyí tí ó di Sierra Leone, tí ahọ́n Yorùbá sì sọ di Sàró.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wá afinimọ̀nà. Ẹni tí wọ́n mú wá bá wa jẹ́ bàbá arúgbó kan, ọmọ Krio, tí ó wọ ẹ̀wù funfun tí a lọ̀ dáradára, tí ó sì mú agbòjò lọ́wọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ kedere. Owó tí ó pè pọ̀ lójú wa. A ná an bí ẹni tí ń ná iṣu lọ́jà, títí a fi gé e dé ìdajì. A jẹ́wọ́ fún yín pé, nínú ọkàn wa, a rò pé àlejò ni ó fẹ́ rẹ́ jẹ. Bàbá náà kò bínú. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má kán mi lójú. Àwọn àlejò a máa sáré láti ibì kan dé ibì kejì, wọn a ya àwòrán, wọn a sì lọ. Ìlú yìí kì í bá ẹni tí ń sáré sọ̀rọ̀." Gẹ̀ẹ́sì àti Krio ni ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀, àwa ni a tú u sí Yorùbá níhìn-ín.

Ibi tí ó kọ́kọ́ mú wa lọ ni àárín ìlú, lẹ́bàá ilé ẹjọ́, níbi tí igi àràbà ńlá nì ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó ní àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Àràbà ti Freetown wó. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì àti òjò ńlá dé, igi náà sì ṣubú. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun rí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí wọ́n dúró sí ojú pópó tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1792, àwọn ènìyàn dúdú tí iye wọn lé ní 1,000 ti Nova Scotia wá tẹ̀ ìlú náà dó. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sá sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Àwọn ará ìlú a máa sọ láti ìran dé ìran pé abẹ́ àràbà yìí ni wọ́n ti pé jọ, tí wọ́n kọrin ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Ní ọdún 1800, àwọn Maroon tí ó ti Jamaica wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tiwa dé, tí a kò fi ìfẹ́ inú wọn gbé wá.

Láti ibẹ̀ a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn Connaught, níbi tí ẹnu ọ̀nà olókùúta kan wà. Ọdún 1817, ní ayé Gómìnà MacCarthy, ni a kọ́ ọ. Lára òkúta òkè rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé ilé ìwòsàn àti ibi ààbò ni fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú, a sì yin ìgboyà àti àánú àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ẹ rántí pé ní ọdún 1807 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun wọn ti ń lé ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọn a sì kó àwọn tí wọ́n bá nínú rẹ̀ wá sí Freetown. Àwọn tí a sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000 kí òwò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ mọ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ Pọ́túgí tí ó gbé e, a sì mú un wá sí ilẹ̀ yìí. Òun ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù wa.

A fi ọwọ́ kan òkúta náà. Àwọn obìnrin tí ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn aláìsàn wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. A bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn tí ó kọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Bàbá gbọ́ tán, ó ní, "Òótọ́ ni ohun tí òkúta yìí wí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n òkúta kì í rántí gbogbo rẹ̀. Gòkè odò lọ, ìwọ yóò bá erékùṣù Bunce, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti ń ta ènìyàn kí ọdún 1807 tó dé. Àwọn tí a sì gbà sílẹ̀, a fi àwọn ọmọdé mìíràn nínú wọn ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ẹni ẹlẹ́ni, a sọ àwọn ọkùnrin mìíràn di ọmọ ogun, a tún kó àwọn mìíràn kọjá òkun lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn erékùṣù West Indies. Ọ̀pọ̀ ni ó sì kú nínú ọgbà yìí, nítorí ohun tí ojú wọn ti rí nínú ọkọ̀. Máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n dúpẹ́ pẹ̀lú ojú tí ó là." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, a sì dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó mú wa lọ jẹun lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń se oúnjẹ tà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, inú yín ì bá dùn láti wà níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà ka oúnjẹ rẹ̀ fún wa, a gbọ́ àkàrà, a gbọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀, a gbọ́ ẹ̀gúsí, a gbọ́ ògìrì! Bàbá sọ fún wa pé bí a bá sọ ọmọ lórúkọ ní ilé Krio, tí a sì gbé e jáde, kọ́mọjáde ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Bí a bá sì se àsè ìrántí fún àwọn òkú ilé, àwùjọ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí a fi ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní ìlú náà látijọ́ ni Aku, nítorí pé gbogbo ìgbà ni ẹnu wọn ń kí ènìyàn pé ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún. Odò ṣàn jìnnà, kò gbàgbé orísun rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ti tọ́jú ọ̀rọ̀ ìyá náà sẹ́nu fún igba ọdún.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọkọ̀ gbé wa lọ sí Cline Town, láti wo ilé àtijọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Ní ọdún 1827 ni ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé olókùúta pupa tí a rí yìí, ọdún 1845 ni a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Láti inú ilé ẹ̀kọ́ náà ni àwọn olùkọ́ àti àlùfáà ti jáde wá sí ilẹ̀ wa, tí wọ́n mú ìwé kíkà àti Ìhìn Rere wá sí ìlú tí a ti tà wọ́n. Ṣùgbọ́n iná ti jó ilé náà ní ìgbà ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 2002. Ògiri rẹ̀ ni ó kù púpọ̀ jù, tí ojú fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ kò kú, ó ti wà lórí òkè Aureol láti ìgbà pípẹ́. Orí òkè náà ni a sì gbà lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ń tọ́jú ìwé tí ìyá wa rán wa sí.

Bàbá ti bá wa tọrọ àyè sílẹ̀, ohun tí a kò bẹ̀ ẹ́, tí a kò sì san owó rẹ̀. A jókòó, a sì fi àwọn ojú ewé hàn wá. Láti ọdún 1808 ni àwọn akọ̀wé ìjọba ti ń kọ orúkọ àwọn tí a sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Wọn a fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà; wọn a kọ orúkọ rẹ̀ bí etí wọn ti gbọ́ ọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, iye ọdún tí ó jọ ní ojú wọn, bí ó ti ga tó, àti àmì tí ó wà lára rẹ̀. Ìlà lẹ́yìn ìlà, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Àwọn orúkọ tí a ń pè lójoojúmọ́ nínú ilé wa ni a ń bá pàdé níbẹ̀, tí a kọ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ti lè kọ ọ́.

Kí wákàtí méjì tó pé, a ti rí Òjó mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Òjó, kò sí ìlú Yorùbá tí a kò ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ìkẹrin nínú wọn jẹ́ ọmọdékùnrin tí a fojú dá sí ẹni ọdún mẹ́wàá. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Akọ̀wé sì kọ ọ́ pé ilà wà ní ojú rẹ̀. Àyà wa bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. A wí fún Bàbá pé, "Òun nìyí! Òjó wa nìyí!" A sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ayàwòrán wa.

Bàbá kò yọ̀ pẹ̀lú wa. Ó béèrè pé, "Ọdún wo ni wọ́n kó tiyín?" A kò mọ̀. "Ìlú wo ni?" A ní ìletò kan ni, ogun pa á rẹ́, a kò mọ orúkọ rẹ̀. "Irú ilà wo ni wọ́n ń kọ nínú ilé yín?" A kò mọ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ tí ó wà nínú ìwé yìí ní ilé tí ó ti wá, ó sì ní ìyá tí ó wá a títí. Bí o bá mú un lọ fún ìyá rẹ láìmọ̀ bóyá tirẹ̀ ni, ìwọ náà ti jí i gbé lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí gún wa bí ọ̀bẹ. A fi ẹ̀rọ ayàwòrán sílẹ̀. A tún wo ìlà náà, ohun kan sì hàn sí wa tí ó dùn wá ju bí a kò bá rí orúkọ kankan lọ. Akọ̀wé yẹn, àlejò ni. Kò mọ ọmọ náà rí, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ebi máa pa á tí ó ń kánjú àtilọ sílé. Síbẹ̀ ó kọ nǹkan márùn-ún nípa ọmọ ọlọ́mọ. Àwa tí a jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Òjó, tí a ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lọ́dọọdún, orúkọ nìkan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe òkun nìkan ni ó gbé Òjó wa lọ. Àìbéèrè wa pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, èṣù kò jẹ́ kí a sinmi. Ọkàn wa ń wí pé, "Arúgbó ni ìyá yìí. Kí ni yóò bàjẹ́ bí a bá wí fún un pé a rí i? Yóò sùn dáradára, yóò sì kú tayọ̀tayọ̀." Ṣùgbọ́n a rántí pé irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò sì bá a. A tún rántí pé òun ni ó kọ́ wa ní òwe náà.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a wọ̀ sí, a ka owó fún Bàbá, a sì san iye tí ó kọ́kọ́ pè ní òwúrọ̀, kì í ṣe ìdajì tí a ná an dé. Ó kà á, ó fi í sí àpò, ó ní, "Iye tí ó tọ́ nìyí. Èmi ti mọ̀ ọ́n láti òwúrọ̀." Àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣí agbòjò rẹ̀ sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ a pe ìyá wa lórí fóònù. A wí pé, "Màmá, a rí Òjó mẹ́rin nínú ìwé wọn. A kò mọ̀ bóyá ọ̀kan jẹ́ tiwa." Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a rò pé ẹ̀rọ náà ti já. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ǹjẹ́ wọ́n fún àwọn ọmọ náà lóúnjẹ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀?" A ní wọ́n fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó kú síbẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ọlọ́run mọ tiwa nínú wọn."

A wá béèrè ohun tí ó yẹ kí a ti béèrè láti ogójì ọdún sẹ́yìn. A ní, "Màmá, irú ilà wo ni wọ́n ń kọ nínú ilé yẹn?" Kíákíá ni ó dáhùn, bí ẹni tí ó ti ń dúró de ìbéèrè náà: "Àbàjà ni. Mo rí i lójú ìyá ìyá mi. Ṣé n kò sọ fún ọ rí ni?" Kò sọ ọ́ rí, nítorí a kò bi í rí. Ó wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ oríkì ilé náà. Ó dárúkọ odò tí wọ́n ti ń pọn omi. Ó ka orúkọ àwọn ìyá láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ lọ títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó sá wọ inú igbó. A fa ìwé yọ, a sì ń kọ ọ́ lábẹ́ fìtílà bí akọ̀wé èbúté, títí owó orí fóònù wa fi tán.

Ìlà kẹrin yẹn kò yanjú síbẹ̀, nítorí akọ̀wé kọ ilà, kò kọ irú rẹ̀. Ìwé náà sì pọ̀. Ohun tí a kà nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó tún padà, nígbà náà a ó mọ ohun tí a ń wá.

Ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ní àgbà nílé, èyí ni ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá dé Sàró. Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ mú ìwé pélébé kan àti kálámù, kí ẹ lọ jókòó ti àgbà ilé yín, kí ẹ bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, àti orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, ilà tí wọ́n kọ, àti ẹni tí ó lọ tí kò padà. Ohun tí a kò bá kọ lónìí, ọ̀la yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa, a kò sì ní rí èsì fọ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó mọ iye irun orí wa máa ṣọ́ gbogbo ẹni tí ó wà ní àjò, kí ó sì mú wọn bọ̀ wálé láyọ̀. Àmín.